Ìbéèrè yín lórí kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ ìwé àlàyé tó ń sọnù sínú WhatsApp

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ Kótónù tẹ́ ẹ ṣì ń sọ fáyé pé Àjàṣẹ́ lẹ ń gbé. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló forí lé ibì kan náà, ìyẹn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí oníkálukú ń dá sí, àti ìwé àlàyé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí iṣẹ́ dé dúró lórí ẹ̀. Ìyẹn la máa gbájú mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa fóònù tó ń gbóná, ẹ ṣe sùúrù fún mi jàre.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ mélòó kan la jọ ń kọ áàpù kan fún àwọn tó ń dá àjọ, ó ń kọ ẹni tó ti dá, ẹni tó ti kó, ẹni tó kù. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà lórí GitHub, ìyẹn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, ẹni tó bá wù ú lè mú un. Àwọn ìyá wa kan ní ọjà Ouando ń lò ó, ó sì ti dé Pobè. Ìwé àlàyé ni wàhálà wa. A ní in ní Faransé àti Yorùbá, ṣùgbọ́n tá a bá ti yí nǹkan padà nínú áàpù, ìwé á wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá rí àṣìṣe á kọ ọ́ sí WhatsApp wa, gbogbo wa á dáhùn pé "ó dáa, a máa tún un ṣe", ibẹ̀ ló máa parí sí. Ẹnì kan nínú wa ní ká ṣí fáìlì Excel fún iṣẹ́ ìwé nìkan, ẹlòmíì ní Trello, áàpù tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, ló dáa. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ọmọ Àjàṣẹ́, Ouando.

Àbúrò mi, ẹ má mú ìkankan. Kì í ṣe pé wọn ò dáa o, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi Trello ṣe iṣẹ́ gidi, àmọ́ ẹ ti ní ibi tẹ́ ẹ ń kọ bọ́ọ̀gì, ìyẹn àṣìṣe inú kóòdù, sí lórí GitHub yẹn, ibẹ̀ náà niṣẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ wà, kí òun àti iṣẹ́ kóòdù jọ tò sórí ìlà kan náà. Tẹ́ ẹ bá lọ kọ́lé tiẹ̀ fún un níbòmíì, àwọn tó ń kọ kóòdù ò ní yà síbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ wá débẹ̀ ṣe? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ojú-ewé issue, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tiẹ̀, láti wo bọ́ọ̀gì tuntun. Fáìlì Excel yẹn, ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni wọ́n máa ṣí i, wọ́n á tún ṣí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe èdè kóòdù Python kó àkójọ bọ́ọ̀gì wọn lọ sórí GitHub ní 2022, kóòdù àti ìwé ni wọ́n jọ kó lọ, lébẹ̀lì "docs", ìyẹn àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ issue, ni wọ́n fi ń dá tìwé mọ̀, àwọn yẹn sì tóbi ju áàpù àjọ lọ.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ẹ̀. Ní 2017 GitHub fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lẹ́nu wò, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ti pàdé ìwé àlàyé tí kò pé tàbí tó ti di tàtijọ́, bẹ́ẹ̀ 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń dá sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ní àwọn kì í sábà fọwọ́ kan ìwé tàbí pé àwọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. Gbogbo ayé ń ráhùn, ẹni tó máa ṣe é ló wọ́n. Èmi ò gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Bọ́ọ̀gì kóòdù máa ń ní orí àti ìdí, ẹ rí i, ẹ tún un ṣe, ó lọ. Iṣẹ́ ìwé ńkọ́? "Ẹ bá wa tún docs ṣe o" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ta ló máa rí ìyẹn tí á mọ ibi tó ti máa dì í mú?

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan kọ issue kan pé "Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ò dáa mọ́". Issue yìí lè wà níbẹ̀ kí ọmọ tí wọ́n bí lónìí ti wọ ilé ìwé. Ẹ tún un kọ báyìí:

"Ojú-ewé 'Bí a ṣe ń fi ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kún àjọ' (fáìlì ajouter-membre.md). Ìpele kẹta ṣì ní kéèyàn tẹ Enregistrer, bẹ́ẹ̀ Valider ló wà lójú áàpù báyìí. Àwòrán kejì náà, ojú àtijọ́ ló ń fi hàn. Ó kan ìwé Faransé àti ti Yorùbá. Ó parí tí ìpele kẹta bá bá áàpù mu ní èdè méjèèjì, tí àwòrán tuntun sì ti wọlé. Kò dìgbà téèyàn bá mọ kóòdù, kó ṣáà ti ní áàpù lórí fóònù."

Ẹni tó bá ka ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ díẹ̀, ó mọ fáìlì tó máa ṣí, ó mọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó máa gbé e jù sílẹ̀ tí á lọ sùn. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni "Ó parí tí". Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ṣe é á ní òun ti parí, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á ní "kúkú bá wa fi àlàyé lórí owó ìtanràn kún un", ẹlòmíì á ní àwòrán yẹn ò mọ́lẹ̀ tó, ẹni tó wá ṣe oore á sá lọ, kò sì ní padà wá. Owó ìtanràn yẹn, ẹ ṣí issue tiẹ̀ sọ́tọ̀.

Ní ti lébẹ̀lì, tẹ́ ẹ bá dá ibi iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lórí GitHub, wọ́n máa ń bá yín fi àwọn kan síbẹ̀ fúnra wọn, "documentation", "good first issue" àti "help wanted" wà nínú wọn. Ẹ lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù tẹ́ ẹ lè fi kún un kò ju èdè lọ, ọ̀kan fún Faransé, ọ̀kan fún Yorùbá. Ẹ má wulẹ̀ dá lébẹ̀lì alárànbarà sílẹ̀ fún "pàtàkì", "pàtàkì gan-an", "pàtàkì jù", kò sẹ́ni tó máa rántí ìyàtọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti fi lébẹ̀lì sí i, ẹ kọ is:open label:documentation sínú àpótí ìwákiri, Excel tí ọ̀rẹ́ yín ń wá rèé, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó máa tún un kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ńkọ́, bíi "ká tún gbogbo ìwé náà kọ kí version tuntun tó jáde"? Issue kan lẹ máa ṣí bí ìyá fún un, ẹ kọ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré téèyàn lè fi àmì sí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní issue tiẹ̀. Àwọn tó ń ṣe èdè kóòdù Rust ń pe irú ẹ̀ ní tracking issue, àwọn Mozilla tó gbé Bugzilla, sọ́fítíwíà àkójọ bọ́ọ̀gì, jáde ní 1998 ń pè é ní meta bug, ohun kan náà ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba issue ìyá yẹn sọ́wọ́ ṣe o, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an rèé. Ìwé yín kì í bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin lẹ̀ ń bà á jẹ́, ọjọ́ tí ẹnì kan bá yí orúkọ bọ́tìnì padà nínú kóòdù ni ìwé di irọ́, kò sì sẹ́ni tó tún mọ ibi tí irọ́ yẹn wà dáadáa bí ẹni tó yí i padà lọ́jọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó dìgbà tí ìyá kan bá tẹ̀ bọ́tìnì tì ní Ouando kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti pẹ́ jù. Django, tí wọ́n fi ń kọ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà láti 2005, ní àmì kan lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn (bí wọ́n ṣe ń pe issue) tó ń jẹ́ "Needs documentation". Kóòdù lè dáa bí ẹyin ojú, tí àmì yẹn bá ṣì wà lára ẹ̀, kò tíì ṣeé gbà wọlé. Àwọn Kubernetes, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ míì, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan tuntun rẹ̀ bá version tó ń bọ̀ jáde, wọ́n á dá ọjọ́ fún un pé kó ti ṣí pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe ẹni wọlé) sílẹ̀ fún ìwé rẹ̀, kódà kó jẹ́ òfìfo, kó ṣáà ti gbàyè sílẹ̀, tí ọjọ́ bá kọjá tí kò ṣe é, wọ́n lè yọ nǹkan náà kúrò nínú version yẹn. Ẹ̀yin ò nílò kẹ́ ẹ le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣẹ̀dá fáìlì pull_request_template.md sínú àpò .github, ẹ kọ ìbéèrè kan péré síbẹ̀: "Ǹjẹ́ ohun tí ẹni tó ń lo áàpù ń rí yí padà? Tó bá yí, issue ìwé rẹ̀ ni nọ́ńbà mélòó?" Ẹni tó bá fẹ́ ti kóòdù wọlé máa bá ìbéèrè yìí níwájú ẹ̀ ni, ó yẹ kó kọ nǹkan síbẹ̀, ẹni tó bá sì parọ́, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ fún gbogbo wa láti rí. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá tún ìwé ṣe, kó kọ "Closes #48" sínú pull request rẹ̀, ọjọ́ tó bá wọ ẹ̀ka àgbà kóòdù yín (default branch) ni GitHub máa ti issue 48 fúnra rẹ̀. Kò sí pé à ń béèrè lọ́wọ́ ara wa mọ́ pé ṣé wọ́n ti ṣe ìyẹn.

WhatsApp yín, ẹ má pa á. Àwọn ìyá wa ò ní lọ ṣí àkáǹtì GitHub torí pé àwòrán kan ò bá áàpù mu. Ẹ pín in láàárín ara yín, ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ lọ sínú issue, kó sì fi líǹkì rẹ̀ dá ẹni tó sọ ọ́ lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù àjọ ló yẹ kí ìyẹn yé jù: alájọ wo ló ń fi ẹnu nìkan gba owó, tí kò ní fa ilà sí káàdì? Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì ní nọ́ńbà, a kàn sọ ọ́ ni, kò tíì diṣẹ́.

Tẹ́nì kan bá gba issue tó di ọ̀sẹ̀ méjì tí a ò gbúròó, ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́, tí kò bá dáhùn ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí ẹlòmíì lè rí i gbà, kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má lọ fi róbọ́ọ̀tì tó ń ti issue tó bá ti pẹ́ síbẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀, ká sọ tòótọ́. Bọ́ọ̀gì lè ti lọ fúnra rẹ̀ nínú version tuntun, mo gbà, ṣùgbọ́n ojú-ewé tó ń sọ Enregistrer níbi tó yẹ kó ti sọ Valider, bó dọdún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, àṣìṣe ṣì ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáhùn ìbéèrè. Olùkọ́ Faransé ni mí ní Kétu níbí, mi ò mọ kóòdù rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún mi pé èèyàn lè bá wọn tún ìwé àlàyé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ṣe. Mo lọ síbi ọ̀kan tá à ń lò nílé ìwé wa, mo rí ojú-ewé kan tí Faransé rẹ̀ ò dáa rárá, mo tún un kọ, ó gbà mí lásìkò, ìgbà tí mo fi ránṣẹ́ wọ́n ní ẹlòmíì ti ṣe é tipẹ́. Ó dùn mí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ iṣẹ́ tó ṣì ṣófo? Olùkọ́ kan, nítòsí Àkábà, Kétu.

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, olùkọ́ wa, ó máa ń dunni lóòótọ́. Ó jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwé tó wà níta fún gbogbo ayé, ti version tó ti jáde ni, èyí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí nísinsìnyí wà lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé lórí Read the Docs, ojú-ewé tí wọ́n ń gbé ìwé àlàyé sọ́fítíwíà sí, fún àpẹẹrẹ, ẹ ó máa rí ibì kan tó kọ "stable" àti ibòmíì tó kọ "latest". Stable lẹ kà. Latest ló yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé bírò, torí àṣìṣe tẹ́ ẹ rí nínú stable lè ti kúrò nínú latest tipẹ́, version tuntun ni kò tíì jáde.

Èkejì, iṣẹ́ tó bá ti ní orúkọ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Assignees sí, ẹ fi í sílẹ̀. Tí kò bá sí orúkọ, ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sábẹ́ ẹ̀ dópin, kì í ṣe ti òkè nìkan, torí àwọn kan máa ń kọ "mo ti ń ṣe é" sísàlẹ̀ pátápátá láìfi orúkọ sí ibi tó yẹ. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ bóyá pull request kan ti so mọ́ ọn. Tó bá mọ́ tónítóní, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ rò pé ó máa parí, kẹ́ ẹ sì ṣí draft pull request, ìyẹn èyí tí kò tíì parí, bẹ́ ẹ bá ti kọ gbólóhùn méjì péré. Kò ní ojú tì yín mà. Bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ dí àga nìyẹn.

Níbi tí wọ́n ti ń lo Bugzilla, bíi LibreOffice tó yà kúrò lára OpenOffice ní 2010, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ń pè ní Component, Documentation wà nínú ẹ̀, òun lẹ máa yàn kí bọ́ọ̀gì kóòdù má bàa bò yín mọ́lẹ̀. Tí ipò rẹ̀ bá jẹ́ NEW, kò tíì sẹ́ni tó gbà á. ASSIGNED, ó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé Faransé niṣẹ́ yín, ẹ lọ wo àwọn tó ń túmọ̀ ìwé Python sí Faransé, iṣẹ́ wọn wà lórí docs.python.org/fr, ìlànà tó jẹ́ kí ìtumọ̀ wọlé sí ojú-ewé Python gan-an ti wà láti 2017, ó ń jẹ́ PEP 545. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn: ẹni tó bá fẹ́ mú fáìlì kan á kọ́kọ́ ṣí issue pé "Je travaille sur" fáìlì báyìí, gbogbo ayé á mọ̀ pé ó ti lẹ́ni. Irú wàhálà tó ba yín yẹn ṣòro kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣe bí àwọn kan ṣe ń ṣe lóṣù October. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Hacktoberfest, DigitalOcean ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2014, nígbà náà, wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fi iye pull request kan ránṣẹ́ ní T-shirt. Ní 2020 àwọn èèyàn ya bo ìwé àlàyé àwọn oníṣẹ́ bí eṣú, wọ́n ń fi "amazing" kún àkọlé, wọ́n ń yí kọ́mà padà, torí aṣọ. Àwọn tó ni iṣẹ́ fárígá débi pé àwọn olùṣètò ní láti sọ ọ́ di pé kìkì ibi tó bá fọwọ́ sí i ni iṣẹ́ máa kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Faransé dénú, ojú-ewé kan tẹ́ ẹ tún kọ dáadáa ju ọgọ́rùn-ún kọ́mà lọ. Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló mọ̀ ọ́n ṣe jù: ẹ ṣí issue sílẹ̀ níbi tí ìwé bá ti dá yín lójú rú, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ò lè rí i mọ́, ó ti mọ́ wọn lára jù.

Ẹ̀gbọ́n, tiwa ní Sábẹ̀ẹ́, Faransé ni a kọ́kọ́ fi kọ ìwé àlàyé wa, a wá túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Tí wọ́n bá yí Faransé padà, ti Yorùbá ò ní mọ̀. A ní ká máa ṣí issue fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá yí, ó ti pọ̀ jù, ó ti sú wa. Ọmọ Òkè, Sábẹ̀ẹ́.

Ó gbọ́dọ̀ sú yín! Iṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ̀ ń fọwọ́ ṣe. Ẹ kó ìwé yín sínú gettext, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń túmọ̀ sọ́fítíwíà, kí gbólóhùn Faransé kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì .po pẹ̀lú ti Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Tí Sphinx lẹ fi ń kọ́ ìwé yín, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí gbólóhùn Faransé kan bá yí díẹ̀, tẹ́ ẹ mú fáìlì náà bá a mu, ẹ̀rọ á fi àmì "fuzzy" sí ti Yorùbá, ìyẹn ni pé "ẹ wá wo èyí, kò dá mi lójú mọ́". Tẹ́ ẹ bá fi Weblate sórí ẹ̀, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹni tí ò mọ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà inú fáìlì, rárá á máa rí àwọn tó ní àmì yẹn lójú búráwúsà, á máa tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Issue tẹ́ ẹ máa ṣí kò wá ní ju ti ojú-ewé odindi lọ, bí "ojú-ewé tuntun lórí owó ìtanràn, kò tíì sí ní Yorùbá". Kí èdè kan ṣoṣo sì jẹ́ ìpìlẹ̀ o. Tẹ́nì kan bá ń tún Faransé ṣe lápá kan, tẹ́lòmíì ń tún Yorùbá ṣe lápá kejì láìwo ara wọn, gettext ò lè gbà yín.

Nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó máa kìlọ̀ fún yín: orúkọ issue lédè Yorùbá lè má ṣeé wá. Kíbọ́ọ̀dù AZERTY wa ò ní ẹ àti ọ, oníkálukú ń wá ọgbọ́n tiẹ̀ dá. Fóònù kan á tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní ààmì ìsàlẹ̀ lára, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì á tẹ o, á wá fi ààmì kékeré lé e lẹ́yìn. Lójú wa, "ọjà" ni méjèèjì. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ó lè wá ọ̀kan kó má rí èkejì. Ohùn orí ẹ̀ tún dá kún un. Torí náà ẹ kọ orúkọ fáìlì mọ́ àkọlé issue nígbà gbogbo, ajouter-membre.md ò ní ààmì tó máa da ẹnikẹ́ni láàmú. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣí issue kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó wà nídìí iṣẹ́ ìwé àlàyé yìí? Mo ń wáṣẹ́ ni. Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́.

Díẹ̀. Google bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2019 tó ń jẹ́ Season of Docs, owó wà níbẹ̀ nígbà náà fún àwọn tó ń bá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kọ ìwé, àmọ́ àwọn tí wọ́n mú ò pọ̀. Ẹni tó bá ń wá owó oúnjẹ ọ̀la, kó má gbójú lé irú ẹ̀. Ohun tó máa ṣe ẹ́ láǹfààní, àbúrò, ni pé gbogbo issue tó o bá parí, orúkọ ẹ wà lára ẹ̀ níta gbangba, ohun tó o kọ, ohun tí wọ́n ní kó o tún ṣe, bó o ṣe dáhùn. Fi líǹkì méjì tàbí mẹ́ta sínú CV ẹ. Ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ lè lọ kà á fúnra rẹ̀, kò ní máa fọkàn gba ohun tó o sọ lásán.

Ẹ̀gbọ́n, abúlé kan lẹ́yìn Kétu ni mo wà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa ò lójú, ojú-ewé GitHub kì í ṣí tán kí ó tó já. Ímeèlì nìkan ló ń wọlé dáadáa, pàápàá lóru. Ṣé mo lè bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wà lóko.

O lè ṣe é dáadáa. Git kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó o bá ń ṣiṣẹ́, àfìgbà tó o bá fẹ́ fà wálé tàbí tì lọ. Kọ ọ́ lọ́sàn-án, fi commit rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó o yí padà, pamọ́, tì í lọ lóru tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá jí. Lórí GitHub, tó o bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ issue kan, ímeèlì máa ń wá bá ẹ, fèsì sí ímeèlì yẹn, èsì rẹ á bọ́ sábẹ́ issue náà bí ìgbà tó o kọ ọ́ síbẹ̀. Àmọ́ ibi tó bá ẹ mu jù ni Debian, ètò Linux ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ímeèlì ni àkójọ bọ́ọ̀gì wọn ń jẹ, ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù wọn wà fún kíkà ni. Wàá kọ ímeèlì sí submit@bugs.debian.org, ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ á jẹ́ "Package:" pẹ̀lú orúkọ nǹkan tí ìwé rẹ̀ ní àṣìṣe, ìlà kejì "Version:" pẹ̀lú nọ́ńbà version rẹ̀, o fàyè kan sílẹ̀, o wá kọ àlàyé ẹ. Wọ́n á dá nọ́ńbà padà fún ẹ. Ohunkóhun tó o bá tún fẹ́ sọ lórí ẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wàá fi síwájú @bugs.debian.org. Ìgbà tí wọ́n bá sì tún un ṣe, ẹni tó tún un ṣe á kọ ímeèlì sí nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú "-done" lẹ́yìn ẹ̀, á ti, ìwọ náà á sì rí i nínú ímeèlì ẹ láàárọ̀.